Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná: ẹ jẹ́ kí onílé mọ iye tí iná òrùlé rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin àgbà ìgbìmọ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń gun òrùlé, tí mo máa ń de pánẹ́ẹ̀lì mọ́ irin, tí mo máa ń fa wáyà rẹ̀ wọlé, tí mo sì máa ń dúró ti onílé lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ iná bá wá pààrọ̀ mítà. Inú gbogbo wọn ló máa ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Tó bá di oṣù kejì tàbí ìkẹta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣebí pánẹ́ẹ̀lì mi ń ṣiṣẹ́? Kí ló dé tí mo tún ń sanwó?"

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló pè mí kẹ́yìn, àwọn ni wọ́n jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Owó tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ tọ́jú ni wọ́n kó lé orí òrùlé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n gbé fóònù sí ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n gbé bíìlì sí ọwọ́ òsì. Fóònù sọ pé pánẹ́ẹ̀lì wọn mú yúnìtì 450 wá lóṣù tó kọjá. Bíìlì sọ pé 270 péré ló jáde láti ilé wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, 180 mi dà? Ṣé wọ́n ń jí iná mi ni?"

Kò sẹ́ni tó jí iná wọn. Àwọn fúnra wọn ló lo 180 náà, ní ọ̀sán, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mítà. Mo ṣàlàyé, ó sì yé wọn. Àmọ́ bí mo ṣe ń yí ìwé náà sí ẹ̀yìn ni mo rí ohun tí n kò lè fi ẹ̀rín tú ká. Lójú ìwé kẹta, nínú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé yúnìtì kọ̀ọ̀kan tó bá ti òrùlé ìyá yìí jáde, ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n fi ń ta yúnìtì kan fún wọn ni wọ́n máa kà á sí. Wọn kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ta ọjà náà fún wọn kò sọ ọ́. Èmi tí mo so ó mọ́ òrùlé náà kò sọ ọ́, nítorí mo rò pé ẹnì kan ti sọ ọ́ ṣáájú mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí onílé mọ iye tí iná òrùlé rẹ̀ jẹ́ kí ó tó ná owó rẹ̀, kí iye tí ẹ bá sì sọ fún un lọ́jọ́ náà dúró fún un.

Nítorí àwọn onílé tó máa bá yín ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò náà ṣe ń lọ. Ní ọ̀sán, tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tí àwọn ará ilé ti jáde lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, ìgbà yẹn gan-an ni pánẹ́ẹ̀lì máa ń mú iná wá jù. Kò sí ohun púpọ̀ nínú ilé tí yóò lò ó ju fíríìjì lọ. Bí kò bá sí bátìrì, iná tó kù kò ní ibi tí yóò gbé. Ínfátà ló ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di irú èyí tó wà lára wáyà ìta, tí yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn rìn ní ìgbésẹ̀ kan náà, tí yóò wá tì í gba inú mítà jáde. Iná náà kì í rìn jìnnà. Ilé tó bá sún mọ́ ọn jù tó ń lo iná lásìkò náà ni yóò lò ó. Aládùúgbò kò ní mọ̀ pé orí òrùlé ẹ̀gbẹ́ òun ni ó ti wá, yóò sì sanwó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ iná bó ṣe máa ń san án.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, pánẹ́ẹ̀lì á dákẹ́, àwọn ará ilé á dé, gílóòbù á tàn, iná á wá máa ti ìta wọlé. Mítà tó mọ àlọ tó sì mọ àbọ̀ ló ń kọ méjèèjì sílẹ̀: èyí tó wọlé lọ́tọ̀, èyí tó jáde lọ́tọ̀. Ní ìparí oṣù, wọ́n á yọ èyí tó jáde kúrò nínú èyí tó wọlé, ohun tó bá ṣẹ́kù ni onílé máa sanwó rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní net metering. Bó bá jẹ́ pé èyí tó jáde ló pọ̀ jù, wọ́n á kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ fún onílé gẹ́gẹ́ bíi kírẹ́díìtì, yóò sì bá a dé oṣù tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ohun àná. Mítà àtijọ́, èyí tó ní àwo irin pẹlẹbẹ tó ń yí nínú rẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣòfin fún un. Bí iná bá ń wọlé, àwo á yí síwájú. Bí iná bá ń jáde, àwo á yí padà sẹ́yìn, òǹkà á sì máa dín kù fúnra rẹ̀. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1979, wọ́n so sólà mọ́ àwọn ilé ní irú ọ̀nà yìí. Nígbà tó di 1983, ìpínlẹ̀ Minnesota sọ ọ́ di òfin: ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá tó kílówáàtì 40 lè gbé àṣẹ́kù rẹ̀ lọ sí oṣù tó ń bọ̀, tàbí kí ó gba owó rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn nítorí ọmọdé lè kà á kó yé e. Ọ̀kan tó jáde, ọ̀kan tó wọlé, wọ́n dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan ò bá ọ̀kan dọ́gba mọ́ níbi púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ìyá yẹn ti ṣìnà.

Ẹ padà sí òǹkà wọn. Ilé wọn ń lo yúnìtì 500 lóṣù. Pánẹ́ẹ̀lì mú 450 wá, wọ́n lo 180 nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, 270 jáde. Láti fi 180 kún ún di 500, wọ́n gba 320 wọlé láti ìta. Ká ní òfin Minnesota ti 1983 ló wà níbẹ̀ ni, a ó yọ 270 kúrò nínú 320, yúnìtì 50 ni wọn ì bá sanwó rẹ̀, pẹ̀lú owó wáyà àti mítà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníkálukú lóṣooṣù, èyí tí kírẹ́díìtì kì í sábàá pa. Lábẹ́ ìlànà kejì, tí wọ́n ń pè ní net billing, a kì í fi yúnìtì yọ yúnìtì mọ́. Owó la fi ń yọ owó, iye tí wọ́n fi ń rà lọ́wọ́ onílé kì í sì í ṣe iye tí wọ́n fi ń tà fún un. Bí yúnìtì mẹ́rin tó jáde bá jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ẹyọ kan tó wọlé, 270 wọn di 67.5. Ohun tó kù fún wọn láti sanwó rẹ̀ di 252.5.

Oòrùn kan náà, òrùlé kan náà, òógùn kan náà. 50 lábẹ́ òfin kan, 252.5 lábẹ́ òfin kejì. Àwọn tó ń polówó sólà sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Wọ́n á ní, "Ẹ máa ta iná padà fún wọn." Òtítọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ tí wọn ò sọ parí ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé iye tó dọ́gba náà kò bá ìdájọ́ mu. Ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, n kò sì wá bá yín jà lórí rẹ̀. Nínú owó tí ènìyàn ń san lórí yúnìtì kan, kì í ṣe iná nìkan ló wà níbẹ̀. Òpó wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, tiransifọ́mà wà níbẹ̀, àti owó àwọn tó ń gun òpó nínú òjò. Onílé tí ìṣirò rẹ̀ bá já sí òdo kò san nǹkan kan nínú ìyẹn ju owó oṣooṣù ti wáyà àti mítà lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń lo wáyà náà tọ̀sán-tòru, lálọ àti lábọ̀. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tí kò ní òrùlé tó lè fi pánẹ́ẹ̀lì sí, lè bá a ru apá kan ẹrù yẹn láìmọ̀. Èyí kò dára.

Ọ̀rọ̀ àsìkò tún wà níbẹ̀. Ìgbà kan náà ni gbogbo pánẹ́ẹ̀lì ń mú iná wá. Níbi tí òrùlé bá ti pọ̀, iná ọ̀sán á kún àkúnwọ́sílẹ̀; tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn wọ̀ tí gbogbo ènìyàn dé sílé, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pèsè iná á ní láti dìde wàràwàrà. Àwọn tó ń darí iná ní Kalifọ́níà yàwòrán rẹ̀ jáde ní 2013. Ìlà tó ń fi iye iná tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ṣì ní láti pèsè hàn tẹ̀ ní ọ̀sán bí ikùn, ó nà sókè ní ìrọ̀lẹ́ bí ọrùn, wọ́n bá sọ ọ́ ní ìlà pẹ́pẹ́yẹ. Yúnìtì aago kan ọ̀sán àti yúnìtì aago méje alẹ́ kì í ṣe ọjà kan náà níbẹ̀. Mo gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ ni ipò láti sọ iye tí yúnìtì tó jáde jẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé iye tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ló ń pinnu ohun tí èmi máa gbé gun òrùlé. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló ń pa ọ̀kan, mà á kó pánẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó láti kárí ohun tí ilé ń lò lọ́dún, mà á kọjú wọn síbi tí oòrùn ti ń pẹ́ jù, n kò sì ní fi bátìrì yọ onílé lẹ́nu, nítorí wáyà ìta ń ṣe iṣẹ́ bátìrì fún un. Bó bá jẹ́ pé mẹ́rin ló ń pa ọ̀kan, ọ̀nà yàtọ̀. Mà á dín pánẹ́ẹ̀lì kù. Mà á kọjú díẹ̀ nínú wọn sí ìwọ̀-oòrùn kí wọ́n lè mú iná wá di ìrọ̀lẹ́. Mà á sọ fún onílé pé kó wá owó bátìrì, kó máa fọ aṣọ lọ́sàn-án, kó máa fa omi lọ́sàn-án, torí yúnìtì tó bá lò nínú ilé jẹ́ odindi, èyí tó bá jáde jẹ́ ìdámẹ́rin. Ilé ìyá yẹn, bí ẹni tí òfin kìíní wà fún ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ti ra pánẹ́ẹ̀lì púpọ̀ jù, wọn ò ní bátìrì, alẹ́ ni wọ́n sì ń fọ aṣọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi wọn níbẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lì kì í ṣe bàtà tí ènìyàn lè dá padà lọ́jọ́ kejì. Ó lè lo ọdún 25 lórí òrùlé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó rà á ń bá yín ṣe àdéhùn ọlọ́jọ́ gígùn, yálà ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe. Ní December 2015, ìgbìmọ̀ irú tiyín ní ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà pinnu pé kí kírẹ́díìtì wálẹ̀, kí owó oṣooṣù àwọn onísólà sì lọ sókè. Èyí kò ṣàjèjì. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé wọ́n fà á kan àwọn tó ti gbé sólà sílé tẹ́lẹ̀, àwọn tó fi òfin àtijọ́ ṣe ìṣirò kí wọ́n tó yá owó. Àwọn ènìyàn kóra jọ, wọ́n bínú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń so sólà kó ẹrù wọn jáde kúrò nípìnlẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí 2016 tó parí, wọ́n dá òfin àtijọ́ padà fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ní 2017, àwọn aṣòfin wá ṣe òfin tuntun: kírẹ́díìtì bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé-iṣẹ́ fi ń ta iná, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí sólà bá ṣe ń pọ̀ sí i, kò sì ní kọjá ìdá 75 lọ sísàlẹ̀. Iye tí onílé bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, tirẹ̀ ni fún ogún ọdún.

Kalifọ́níà gé tiwọn kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ̀wé béèrè láti ọjọ́ 15 oṣù April 2023, ohun tó ń rí gbà lórí iná tó jáde dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó dun àwọn oníṣẹ́ sólà gan-an, mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà ní ogún ọdún tirẹ̀ lábẹ́ òfin tó bá wọlé. Orílẹ̀-èdè Netherlands ń pa tiwọn tì ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2027, wọ́n sì kéde ọjọ́ náà ṣáájú kí oníkálukú lè múra. Kò sí èyí tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Síbẹ̀ ẹni tó ń ra pánẹ́ẹ̀lì mọ ibi tí òun ń lọ.

Ẹ bá mi wo bíìlì náà. Òǹkà tó yẹ kó wà lójú ìwé kìíní kò ju díẹ̀ lọ: iye yúnìtì tó wọlé, iye tó jáde, iye owó tí wọ́n ka ẹyọ kan sí nígbà tó ń wọlé, iye tí wọ́n kà á sí nígbà tó ń jáde, àti iye kírẹ́díìtì tó kù. Kí wọ́n sì kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ pé iná tí ẹ lò lójú ẹsẹ̀ láti orí òrùlé yín kò sí nínú ìwé yìí, nítorí kò gba inú mítà kọjá. Gbólóhùn yẹn nìkan ì bá ti gba ìyá yẹn lọ́wọ́ àìsùn.

Kí ẹ tún jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìṣirò ọdún máa parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò mọ̀ pé kírẹ́díìtì ń kú. Oṣooṣù ló ń ṣí lọ, àmọ́ tí ọdún bá pé, níbòmíràn wọ́n á ra àṣẹ́kù náà ní iye kékeré tí wọ́n fi ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Níbòmíràn wọ́n á pa á rẹ́ ni. Ẹ wo ohun tí èyí lè fà. Ilé kan fi gbogbo àsìkò tí oòrùn ń ràn dáadáa kó kírẹ́díìtì jọ, ó ń retí àtilò ó nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú. Bí ọdún ìṣirò rẹ̀ bá lọ parí ní òpin àsìkò oòrùn yẹn gan-an, ohun tó kó jọ á wọmi kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí onílé yan oṣù tí ọdún tirẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Kò ná yín ní nǹkan kan ju ìlà kan lórí fọ́ọ̀mù lọ.

Ọ̀kan péré ló kù, mà á sì sọ ọ́ ṣókí. Onílé tí kò ní bátìrì máa ń rò pé tí iná ìta bá lọ, tòun á ṣì máa tàn lọ́sàn-án. Kò ní tàn. Ínfátà tó so mọ́ wáyà ìta gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí iná òrùlé má baà gba inú wáyà lọ pa òṣìṣẹ́ tó ń tún un ṣe. Òfin tó dára ni, ó ti dáàbò bo àwọn ẹgbẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí onílé ń fọwọ́ sí, nítorí orí wa ni ìbínú ń já lé lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Gbogbo èyí, ojú ewé kan ló máa gbà. Kí wọ́n fún onílé ṣáájú kó tó san kọ́bọ̀ kan, ní èdè tó ń sọ nílé, kí iye tí ẹyọ iná tó jáde jẹ́ wà lókè pátápátá, kí iye ọdún tí kò fi ní yí padà sì tẹ̀ lé e. Bí oníṣẹ́ sólà kan bá so pánẹ́ẹ̀lì láìfún onílé ní ojú ewé yìí, kí ilé-iṣẹ́ iná má ṣe bá a pààrọ̀ mítà. Ẹ fi èyí de èmi náà. Mo fara mọ́ ọn.

Ní ti ìyá yẹn, mo ti padà lọ. A ti gbé ìfọṣọ kúrò ní alẹ́, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń fọ aṣọ báyìí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó bátìrì. Bíìlì tó kàn á dé ní ìparí oṣù. Mo ti ṣèlérí pé mà á wà níbẹ̀ láti bá wọn kà á. Ọwọ́ yín ló wà bóyá èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn nìkan á lè kà á fúnra wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ sólà kan